Ọ̀sẹ̀ kan ní Jámánì pẹ̀lú àwọn òbí: ṣé ọkọ̀ ojú omi ni, àbí ká háyà mọ́tò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Manchester ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Àwọn òbí mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù karùn-ún, a sì fẹ́ mú wọn lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò mi obìnrin á bá wa lọ, àwa márùn-ún nìyẹn. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ara Màmá le koko ní tiwọn. Àbúrò mi ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ lórí odò Rhine, pé ẹrù á wà lójú kan, oúnjẹ á sì máa bá wa níbi tá a bá wà. Ọkàn tèmi wà lórí ká háyà mọ́tò, ká máa yà síbi tó bá wù wá. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jámánì, èwo ló sàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "ó kù sọ́wọ́ yín". Ẹ là á mọ́lẹ̀.

* * *

Mainz ni mò ń gbé, etí odò Rhine gan-an, nítorí náà màá là á mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ní ká là á. Ẹ háyà mọ́tò. Ibi méjì péré ni kẹ́ ẹ sùn sí láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ná ojúmọmọ, níbi tí odò náà ti rẹwà jù lọ.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Odò Rhine gùn tó bíi 1,230 kìlómítà. Ọkọ̀ afẹ́ ọlọ́sẹ̀ kan tí wọ́n sábà ń polówó máa ń gbéra ní Basel ní Switzerland lọ sí Amsterdam, tàbí kó gbéra ní Amsterdam bọ̀ wá sí Basel. Ṣùgbọ́n àwòrán tó wà nínú ìpolówó yẹn, àwọn ilé olódi àtijọ́ lórí òkè, ọgbà àjàrà tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè títí dé etí omi, àárín Bingen àti Koblenz ni wọ́n ti yà á. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 65 lọ. Ibẹ̀ ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2002. 

Ibi tó kù ńkọ́? Láti Basel wá sí Iffezheim, ọkọ̀ máa gba ibi ilẹ̀kùn omi mẹ́wàá kọjá. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi máa fà títí ọkọ̀ á fi rẹlẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó ṣí ti iwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ dùn ún wò. Nígbà tó bá fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ògiri kọnkéré lásán ló kù lójú fèrèsé. Bẹ́ ẹ bá sì ti kọjá Köln, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ó di èbúté ẹrù àti iléeṣẹ́ irin títí dé Duisburg. Òru ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń gba àwọn ibi wọ̀nyẹn kọjá, torí àwọn olówó ọkọ̀ náà mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọjọ́ méje lẹ máa sanwó rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ wá wò ò gbà ju ìdajì ọjọ́ kan lọ.

* * *

Látìgbà tí mo ti kọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tó ń wọlé ni pé: "Àgbàlagbà ló ń bọ̀ o, ọkọ̀ ojú omi ló máa tù wọ́n lára." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ò purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á tú ẹrù. Kò sẹ́ni tó máa wá hòtẹ́ẹ̀lì kiri lálẹ́. Bí Bàbá bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀dì wọn ò jìnnà. Mo gbà gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò gbà ni pé ọkọ̀ ojú omi ń gba orúnkún là.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo máa ń rí ní èbúté. Ọkọ̀ afẹ́ orí odò lè gùn tó mítà 135, èbúté àárín ìlú ò sì gba púpọ̀ nínú wọn. Bí mẹ́ta bá dé pọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń so wọ́n mọ́ ara wọn ní ìhà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó wà lóde pátápátá gbọ́dọ̀ gba inú méjì yòókù kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Nígbà míì wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òkè pátápátá lórí òrùlé ọkọ̀ ni wọ́n á gbà, líìfùtù kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Mo wo bàbá arúgbó kan ní Koblenz tó ń tẹ̀pá. Ó gun àtẹ̀gùn irin, ó sọ̀ ọ́, ó tún gun òmíràn, ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi dé etí omi, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni. Àwọn yòókù tẹ̀ lé ẹni tó ń mú wọn rìn lọ sínú ìlú, òun dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Bí ọkọ̀ bá sì so mọ́ ara wọn báyìí, fèrèsé yàrá yín á dojú kọ fèrèsé ẹlòmíì, ẹ ó máa fa kọ́tìnì ní ọ̀sán gangan.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo ìlú tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìn-àjò náà ló wà létí odò Rhine. Heidelberg wà lórí odò Neckar. Mannheim tàbí Speyer ni ọkọ̀ sábà máa ń dúró sí, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín lọ. Bọ́ọ̀sì á já yín síbi tí wọ́n gbà kó dúró, ẹ ó máa fẹsẹ̀ rìn lórí títì olókùúta, àkókò kan náà ni gbogbo yín sì gbọ́dọ̀ padà. Mọ́tò tẹ́ ẹ háyà, ẹ lè gbé Bàbá súnmọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, kí ẹnì kan bá wọn jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí, kí ẹlòmíì lọ wá ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ ò sì ní dá ẹnikẹ́ni dúró.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé láti Houston pé ẹ̀rù Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì, ń ba òun, pé wọ́n ní kò sí òfin eré níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ibi ló ní òfin eré, pàápàá nítòsí ìlú ńlá àti níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà. Níbi tí kò sí àmì, ìmọ̀ràn ìjọba láti ọdún 1978 ni pé kéèyàn má kọjá 130 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹ lè sá 110 kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti wà lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: apá ọ̀tún ni ilé yín, apá òsì wà fún ẹni tó fẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti yà á tán, ẹ padà sọ́tùn-ún. Ẹ ò gbọdọ̀ gba ọ̀tún ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òsì, ẹ wo dígí lẹ́ẹ̀mejì, torí mọ́tò tẹ́ ẹ rí bí èyí tó ṣì jìnnà lè máa sá 200.

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà ní ìlà òsì pátápátá á sún mọ́ òsì, gbogbo ìlà yòókù á sún sí ọ̀tún, kí ọ̀nà lè ṣí láàárín fún ọkọ̀ aláìsàn àti ọlọ́pàá. Ẹ má dúró kí ẹ gbọ́ fèrè wọn kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí epo tán lójú Autobahn. Wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín lórí nítorí pé ẹ dúró níbi tí kò yẹ.

Ká sòótọ́, Autobahn ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí fún àlejò. Inú ìlú kékeré ni kí ojú wà. Ní oríta tí kò sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá, ì báà jẹ́ pé ọ̀nà tẹ́ ẹ wà fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wakọ̀ ní Britain kì í rántí, torí irú òfin yẹn ò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ háyà mọ́tò ní Jámánì níbẹ̀, èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì, ẹ má wa tilé lọ.

Láísẹ́nsì Britain tó jẹ́ káàdì tó láti fi wakọ̀ níbí. Ẹni tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan ló ní, kó gba ìwé ìwakọ̀ àgbáyé mọ́ ọn kó tó kúrò nílé.

* * *

Ọ̀rọ̀ dé. Àbúrò olùbéèrè fúnra wọn ló kọ èyí:

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún yín. Ìyàwó wọn kì í wakọ̀, àwọn nìkan ni wọ́n fẹ́ máa wà á. Ojú títì ni wọ́n á máa wò láti àárọ̀ dalẹ́, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá máa jágbe mọ́ gbogbo wa. Ta ló tún máa dáná? Èmi àti Màmá náà ni."

Ẹ káàsán, àǹtí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiyín ló wúwo jù. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ́nà etí odò Rhine ò rí odò náà. Ọ̀nà B9 wà lápá òsì odò, B42 wà lápá ọ̀tún, àwọn méjèèjì ló ń kọrí sọ́tùn-ún sósì, kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì sì kún ibẹ̀ lóṣù karùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà á fún ọjọ́ méje gbáko, mo fara mọ́ yín: ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ṣé ẹ̀yin náà ní láísẹ́nsì?

"Mo ní o, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Leeds."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín mọ́ ìwé mọ́tò náà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á fi owó díẹ̀ lé e. Ẹ má wà á láìjẹ́ pé orúkọ yín wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, inṣọ́ránsì ò ní dá yín lóhùn. Ẹni tó bá wakọ̀ lọ kọ́ ló máa wà á bọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìrìn ọjọ́ kan kọjá wákàtí méjì, àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣí láti ibùdó kan sí èkejì.

Láti Mainz títí dé Koblenz, kò sí afárá kankan lórí Rhine. Fẹ́rì ló ń gbé mọ́tò sọdá ní Bingen, ní Kaub, ní St. Goar. Ẹ ó wakọ̀ wọ orí rẹ̀, ẹ ó sanwó lórí omi, gbogbo yín á bọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹni tó ń wakọ̀ náà á gbórí sókè wo òkè àti ilé olódi. Ní Kaub, ẹ ó rí ilé olódi kan tó dúró láàárín omi gan-an bí ọkọ̀ tó dákọ̀ró. Pfalzgrafenstein ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ làwọn ọlọ́lá ìgbàanì ti ń gbowó òde lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀.

* * *

Ní ti oúnjẹ, ẹ má sọ pé mo fẹ́ fi yín sídìí ààrò. Ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò, Ferienwohnung lorúkọ rẹ̀ níbí, ó ní kíṣìnì. Tí Bàbá bá jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún ọjọ́ méjì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa bèèrè lọ́jọ́ kẹta. Lórí ọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó máa ro àmàlà fún wọn. Níbí, ẹ lè sè é lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ jẹun nílé oúnjẹ lálẹ́ kejì.

Ẹ má gbé ẹran àti wàrà láti Britain wọlé o. Òfin European Union ò gbà á lọ́wọ́ arìnrìn-àjò mọ́ látìgbà tí Britain ti kúrò. Pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ wà nínú ẹ̀, ewébẹ̀ tútù náà nílò ìwé àṣẹ. Ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà bẹ́ẹ̀, èlùbọ́ náà ò ní. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé nǹkan, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Afroshop wà ní Frankfurt, ní Köln, níbí náà ní Mainz. Ata, ègúsí, èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Peckham ní ọkọ̀ ojú omi ló dínwó, torí owó kan ṣoṣo lèèyàn ń san.

Kì í ṣe fún ìdílé yìí. Yàrá ẹlẹ́ni méjì ni iye tí wọ́n ń polówó dá lé. Èèyàn márùn-ún, yàrá mẹ́ta nìyẹn, àǹtí nìkan á dá wà nínú ọ̀kan, wọ́n sì máa ń bu owó lé ti ẹni tó bá dá wà, nígbà míì ó máa ń pọ̀ gan-an. Ẹ bèèrè bóyá ọtí àti omi ẹlẹ́rìndòdò wà nínú owó náà, bóyá ìrìn inú ìlú wà nínú ẹ̀, àti iye tí wọ́n ń retí kẹ́ ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ níparí. Ẹ tún ro owó ọkọ̀ òfuurufú tó dé ìlú kan tó sì gbéra ní ìlú míì. Mọ́tò kan, owó mọ́tò kan náà ni, ì báà jẹ́ ẹ̀yin márùn-ún lẹ wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ mọ́tò náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Wọ́n máa ń dá owó dúró lórí káàdì kírẹ́dítì, ọ̀pọ̀ ò sì ń gba káàdì tó ń yọwó tààrà láti báńkì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á sílẹ̀, torí ó lè wọ́n jù. Ẹ gba èyí tó láyè: èèyàn márùn-ún àti báàgì márùn-ún ò wọ mọ́tò kékeré. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, táyà, abẹ́ bọ́ńpà, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gba owó ibi tó họ lábẹ́ bọ́ńpà lọ́wọ́ mi nígbà kan. Fọ́tò tí mo yà láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gba mọ́tò náà ló jẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí owó ẹyọ wà lápò náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìdúró ojú Autobahn, yúrò kan ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó wọ ilé ìtọ̀, àgbàlagbà kì í sì í lè dúró pẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ físà, torí ó ti yọjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Bàbá àti Màmá ní, físà Britain wọn ò sì lè gbé wọn wọ Jámánì. Físà Schengen, èyí tí èèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa pọ̀, ni wọ́n máa gbà. Kí wọ́n gbà á ní Nàìjíríà kí wọ́n tó kúrò. Òfin gbogbogbòò ni pé ibi téèyàn ń gbé ló ti ń béèrè fún un, ẹni tó wá ṣàlejò ní Manchester gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè ṣe é nílé, wọ́n sì lè má gbọ́. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti máa pẹ́ jù ni kí wọ́n bẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wakọ̀ kiri Jámánì nìkan, kò sí àríyànjiyàn, Jámánì ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ láti Basel dé Amsterdam, ẹ ní láti jókòó ka alẹ́ tí ọkọ̀ máa lò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Inṣọ́ránsì ìlera tó kéré jù tí wọ́n ń béèrè jẹ́ 30,000 yúrò. Kẹ́ ẹ sì yẹ físà Britain wọn wò bóyá ó gbà wọ́n láyè láti padà wọlé.

Ẹni tó ń ronú odò Danube, ìkìlọ̀ tiyín rèé: láti Passau dé Budapest, inú Schengen lẹ wà. Bí ọkọ̀ bá kọjá lọ sí Belgrade, ẹ ti jáde. Físà ìgbà kan ṣoṣo ò ní gbé yín padà wọlé.

* * *

"Kò sáà sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí omi." Èèyàn mélòó kan ti sọ èyí.

Kò sí, àmọ́ omi fúnra rẹ̀ lè má tó. Ní Kaub, níbi ilé olódi àárín omi yẹn, wọ́n ní ìwọ̀n kan tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń wò. Ní October 2018, ọ̀dá mú kó já wá sí sẹ̀ǹtímítà 25. Kì í ṣe pé odò náà ò jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà fi bíi mítà kan jìn ju ohun tí ìwọ̀n náà ń kà lọ. Síbẹ̀, ọkọ̀ ńlá ò lè gba ibẹ̀ mọ́. Ní August 2022, omi tún fà gan-an. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kó àwọn tó sanwó ọkọ̀ ojú omi lọ bá ọkọ̀ míì tó wà ní òdìkejì ibi tí omi ti gbẹ. Ìdàkejì ẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀: ní June 2013, Danube kún dé mítà 12.89 ní Passau, kò tíì sí irú rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1501. Bí omi bá sì kún, ọkọ̀ ò lè gba abẹ́ afárá.

Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè yí ọ̀nà padà nítorí omi. Oṣù karùn-ún sàn ju ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ níbí, mi ò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín. Ọ̀nà mọ́tò náà máa ń bàjẹ́. Ní December 2021, wọ́n ti afárá Rahmede lójú Autobahn A45 pa nítorí pé kò dá wọn lójú mọ́, wọ́n sì fi àdó wó o lulẹ̀ ní May 2023. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mọ́tò lè gba ọ̀nà míì.

* * *

Ará wa kan ní Hamburg ní kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ rélùwéè. Òótọ́ ni. Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù kan, bẹ̀rẹ̀ ní 49 yúrò lóṣù ní May 2023, láti January 2026 ó ti di 63, ó sì ń gbé èèyàn wọ gbogbo rélùwéè agbègbè. Rélùwéè ń lọ létí odò Rhine lápá méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ méjì ni, òun ni mo máa yàn fún yín. Àmọ́ èèyàn márùn-ún, báàgì márùn-ún, ìbùdókọ̀ kékeré tí líìfùtù rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan láti sáré kúrò nínú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn? Kì í ṣe fún Bàbá.

* * *

Wọ́n ní mo kórìíra ọkọ̀ ojú omi. Rárá o. Mo mọ ẹni tó yẹ. Opó tó fẹ́ rìnrìn àjò tí kò sì fẹ́ dá jẹun lálẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni kó wọ̀; kó tó di ọjọ́ kejì, á ti lọ́rẹ̀ẹ́. Ìdílé tí awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó fẹ́ wo ọjà Kérésìmesì láti ìparí November, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀, tí yìnyín lè wà lójú títì, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí ò sì sí ní Köln: kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó má ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ ẹ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ yàn èyí tó ń lọ sókè odò, láti Amsterdam bọ̀ ní Basel. Ìṣàn omi máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojúmọmọ tó ń gba Rüdesheim lọ sí Koblenz ń lo bíi wákàtí mẹ́rin. Tó bá ń padà bọ̀, ó sún mọ́ mẹ́fà. Ibi tó rẹwà jù lẹ ti máa rí wákàtí tó lé yẹn. Ẹ má sì gba yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

* * *

Olùbéèrè padà dé: "Ẹ ṣeun, mà. Àbúrò mi ti gbà, pé tí òun náà bá máa wakọ̀. Ẹ bá wa to ọjọ́ náà."

Ẹ balẹ̀ sí Frankfurt, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti padà, kí wọ́n má bàa gba owó àjálẹ̀ mọ́tò sí ìlú míì lọ́wọ́ yín. Ẹ sùn ní Boppard, ìlú kékeré kan létí odò Rhine, fún alẹ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo yín wakọ̀ lọ sí Bingen, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ bọ̀ wá sí Boppard. Ẹ ó gba abẹ́ Loreley kọjá, òkúta tó ga ní mítà 132, tí wọ́n ń sọ pé obìnrin kan ń jókòó lé tó ń ya irun rẹ̀, tó sì ń fi orin tan àwọn ọlọ́kọ̀ sínú omi. Màmá á ní Mami Wata ni. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ ní Boppard, Bàbá á lọ sinmi, ẹnì kan á wọ rélùwéè lọ gbé mọ́tò ní Bingen. Kò gbà tó wákàtí kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ wakọ̀ dé orí òkè Loreley fúnra rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lókè níbẹ̀, ó wà lókè Niederwald ní Rüdesheim pẹ̀lú. Bàbá ò ní gun nǹkan kan, wọ́n á sì rí odò náà láti òkè, ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ afẹ́ ò ní rí bí kò bá gùnkè. Lọ́jọ́ kẹrin, Cochem lórí odò Mosel.

Ẹ wá ṣí lọ sí Rothenburg ob der Tauber, bíi wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ Sunday ni kẹ́ ẹ ṣí, torí òfin ò gba ọkọ̀ akẹ́rù láyè lójú títì lọ́jọ́ Sunday títí di agogo mẹ́wàá alẹ́, Autobahn á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ò ní ṣí, ẹ ra oúnjẹ ní Saturday. Láti Rothenburg, ẹ dé Dinkelsbühl àti Nördlingen, ìlú tí wọ́n kọ́ sínú kòtò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́. Màmá lè gun ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, àtẹ̀gùn 350 ni.

Ẹ gbàgbé ilé olódi Neuschwanstein lọ́tẹ̀ yìí. Ó jìnnà, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ lé ní 150, ẹ ò lè fi Bàbá sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa fi fọ́tò hàn wọ́n.

* * *

"Ìbéèrè kan ló kù, mà. Hòtẹ́ẹ̀lì etí omi ni, àbí ilé lórí òkè?"

Ilé lórí òkè, ní abúlé tó wà lẹ́yìn Boppard. Ọ̀nà rélùwéè akẹ́rù gba etí odò lápá méjèèjì, wọn kì í sì í dáwọ́ dúró lóru. Ariwo wọn ń lu òkè, ó ń padà. Bó bá jẹ́ etí omi lẹ fẹ́ dandan, ẹ béèrè yàrá tó kọ̀yìn sí ojú irin, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá líìfùtù wà. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò pẹ̀lú. Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run máa ń bọ́ sí Thursday lóṣù karùn-ún lọ́pọ̀ ọdún, àwọn ará ibí a máa so ó mọ́ òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo yàrá etí Rhine á sì ti kún. Bí ọ̀sẹ̀ yín bá bọ́ sí i, ẹ ti gbà á sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.